Axle iwájú Land Cruiser mi ń da ọ́ìlì: ṣé kí n wá Dana 60 fún un ni?

Àgbẹ̀Ṣakí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní píkọ́ọ̀pù Land Cruiser kan, HZJ75, ọdún 1996, ẹ́ńjìnnì 1HZ ló wà nínú rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Oko ni mo fi ń lọ: pákí, káṣú, nígbà mìíràn àgbá dísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ irú ọ̀nà tí mò ń sọ. Òkúta ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá dé, ẹrẹ̀ a gbé táyà mì dé ìdajì.

Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe é. Ọ́ìlì dúdú kan ń ṣàn sínú rímù ọ̀tún níwájú. Ìkejì, tí mo bá fi í sí fóò-wíìlì, tí mo wá yí sítíárìn dé ìparí, ó ń ró kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́. Ìkẹta ló ń dẹ́rù bà mí jù: tí mo bá bọ́ sórí títì ọ̀dà, tí mo sáré tó 70, bí táyà bá já sí kòtò kékeré báyìí, sítíárìn a máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni tí ibà mú, àfi kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá kó tó dákẹ́.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí wa ní axle Toyota ti rọ̀ jù fún iṣẹ́ mi. Ó ní kí òun wá Dana 60, axle iwájú ọkọ̀ akẹ́rù Amẹ́ríkà, kí a jó o mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí a sì gbé táyà 35 ínǹṣì wọ̀ ọ́. Owó tó pè, ọ̀kadà méjì ni. Kí lẹ rí sí i?

ỌmọGate_Ìbàdàn:
Bọ̀dá, ẹ fi owó yín sápò ná. Axle yẹn ò rọ̀. Ìtọ́jú ni kò rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀yin náà lè bá ẹni tó bá fẹ́ gba owó yín jiyàn. Irin kan ṣoṣo ni axle iwájú yín látọ̀tún dósì, dífù (àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì) sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì gíà nínú. Ní ìparí irin náà lápá méjèèjì, bọ́ọ̀lù irin ńlá kan wà, oríkèé tó ń yí táyà sì dé e bí ìdérí. Inú bọ́ọ̀lù yẹn ni Birfield ń gbé, ọta irin róbótó mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń mú agbára dé táyà bí táyà tilẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gíríìsì ni oúnjẹ Birfield. Síìlì kékeré kan tí kò tó owó ọtí ọjọ́ kan ló dá gíríìsì yìí àti ọ́ìlì dífù lẹ́kun.

Tí síìlì yẹn bá ti gbó, ọ́ìlì á rọ́ wọlé, gíríìsì á ṣàn bí omi gbẹ̀gìrì. Ohun tó ń da sínú rímù yín nìyẹn. Birfield tí gíríìsì ti fi sílẹ̀ á máa họ ara rẹ̀, ipa ọta á jin bíi poro ebè, á wá máa ró kọ́-kọ́-kọ́. Omi àti iyanrìn á sì wọ bẹ́ríǹ kíńpìnì, ìyẹn méjì tó gbé oríkèé yẹn dúró lókè àti nísàlẹ̀. Bẹ́ríǹ yẹn bá jẹ, oríkèé á máa mì, sítíárìn á máa gbọ̀n. Ẹ ò wa rí i? Síìlì kan ló bí ọmọ mẹ́ta.

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ fi jáàkì gbé táyà ọ̀tún sókè, ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ máa tì í síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ń mì, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ bírékì mọ́lẹ̀. Tí mímì náà bá dúró, bẹ́ríǹ táyà ni. Tí ó bá ṣì ń mì, kíńpìnì ni.

ÌyáLọ́rì:
Mò ń gbọ́ Dana, mò ń gbọ́ Birfield. Èmi ò mọ orúkọ, agbégilódò ni mo fi tọ́ ọmọ mi. Ọdún tó lé ní ogún ni mo fi ń kó gẹdú jáde nínú igbó Oǹdó, axle tí mo ti rí tó kú kò lóǹkà. Ohun tí mo fẹ́ bi ọmọ wa àgbẹ̀ ni èyí: ta ló ń wà á?

Torí pé dírẹ́bà mìíràn, ẹrẹ̀ á gbé e dé ìdí kó tó rántí fóò-wíìlì. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá ti ń yí lásán, á wá já a sí i lójijì, á tẹ iná, sítíárìn á sì wà ní yíyí pátápátá. Irin wo ni kò ní dá? Kí ẹ fi sí fóò-wíìlì kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀, kí táyà dúró gbọọrọ, kí ẹsẹ̀ rọra. Tí ó bá sì dé títì ọ̀dà, kí ó yọ ọ́ kíá. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀ bí iyanrìn ti ń ṣe, gbogbo ìjà náà a wá di ti gíà.

Mo tún fẹ́ kí ẹ wo ihò ìmí orí axle. Páìpù kékeré kan ni. Tí ẹrẹ̀ bá dí i, axle tó gbóná kò rí ibi mí, á ti ọ́ìlì gba ara síìlì jáde. Tí ẹ bá wá fi axle gbígbóná yẹn wọ odò, ó máa tutù lójijì, á fa omi sínú. Ẹ yọ bóòtì ìsàlẹ̀ dífù díẹ̀. Tí ọ́ìlì bá funfun bí ọ̀gì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

DúdúHouston:
Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà yẹn, bí ẹ ti sọ ọ́ ló rí.

Bọ̀dá àgbẹ̀, èmi ní Dana 60 lábẹ́ Ford F-350 àtijọ́ kan níbí ní Texas, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe pé mò ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Axle gidi ni. Gíà ńlá inú dífù rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 9.75, ti Dana 44 tí ọ̀pọ̀ jíìpù ń lò jẹ́ 8.5. Ọ̀pá inú rẹ̀ ní eyín 35. Àwọn tó ń gun àpáta pẹ̀lú táyà 40 ínǹṣì ń wá a kiri bí ẹni ń wá wúrà.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọkùnrin yẹn ní ìbéèrè mẹ́rin, kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Dana 60 wo? Ti Ford 1985 sí 1991, apá òsì ni dífù rẹ̀ wà. Ti Chevrolet 1977 sí 1991, apá ọ̀tún ni. Dífù iwájú Toyota yín, apá ọ̀tún ni. Tó bá gbé ti Ford wá, ọ̀pá tó ń bọ̀ láti gíábọ́ọ̀sì àti ẹnu dífù kò ní fojú rinjú láéláé.

Gíà mélòó? HZJ75 tí mo mọ̀, 4.11 ló máa ń wà nínú rẹ̀. Dana tó jẹ́ 4.10 lè bá a rìn, ìyàtọ̀ náà ò tó nǹkan. Ti 4.56 ń kọ́? Táyà iwájú á máa fẹ́ lọ́ra ju ti ẹ̀yìn lọ, wọ́n á máa bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ líle, gíà kan á sì fọ́ kẹ́yìn. Ẹ lè kà á fúnra yín: ẹ gbé táyà méjèèjì iwájú sókè, ẹ yí ọ̀pá dífù, kí ẹ ka iye ìgbà tó yí kí táyà méjèèjì tó yí lẹ́ẹ̀kan pọ̀.

Nọ́ọ̀tì táyà mélòó? Ti Dana 60 ọkọ̀ tọ́ọ̀nù kan, mẹ́jọ. Tiyín, mẹ́fà. Ẹ máa gbé sípíà méjì kiri nìyẹn, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn.

Ìkẹrin: tí síìlì Dana yẹn bá jò ní Ṣakí ní ọjọ́ Sátidé, ta ni yóò tà á fún yín? Síìlì Toyota, ẹ rán ọmọ lọ sí Àràrómi tàbí Ládípọ̀, ó dé lọ́jọ́ kejì.

Kí n má gbàgbé ẹ́ńjìnnì. 1HZ yẹn, 4.2 lítà ni, kò ní tóbò, agbára yíyí rẹ̀ kò kọjá 285 Nm. Ó pẹ́ láyé ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tí òun nìkan fi já axle Toyota tí gíríìsì wà nínú rẹ̀. Táyà ńlá ló ń já a.

Dírẹ́bàFẹ̀yìntì:
Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Bóòtì onígun mẹ́rin kan wà lórí oríkèé yẹn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀nù rọ gíríìsì sí i títí yóò fi kún. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi Land Cruiser ìjọba rìn láti Sókótó dé Èkó nígbà ayé wa. A kì í tú u.

ỌmọGate_Ìbàdàn:
Bàbá, ẹ ò jẹ̀bi. Bóòtì yẹn wà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí a fi gíríìsì díẹ̀ kún un. Nígbà ayé yín, síìlì inú ṣì wà láàyè ni. Tí síìlì bá ti kú, gíríìsì tí ẹ rọ sí i lónìí, ọ́ìlì á ti yọ́ ọ kó tó di ọjà mìíràn. Ọ́ìlì dífù a sì máa dín kù láìsí ẹni tó mọ̀. Mo ti tú dífù kan rí tí wọ́n fi gíríìsì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ ò kún ìgò ọtí. Gíà ti di búlúù.

Dírẹ́bàFẹ̀yìntì:
Ó dáa. Mo gbà fún ẹ lórí dífù.

AjórinOǹdó:
Iṣẹ́ mi ni iná, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé axle Toyota yín, irin tí wọ́n tẹ̀ ni, ó gba iná dáadáa. Dana 60, irin dídà ni àárín rẹ̀, páìpù sì ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì. Irin dídà ò fẹ́ iná lójijì. Kí a mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ kí a tó jó o, kí a sì jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ lábẹ́ eérú tàbí aṣọ tí kò ní jóná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á là ní etí ibi tí a jó. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìjókòó sípíríǹgì apá kan ti wà lára irin dídà yẹn láti ilé iṣẹ́, kò ṣeé sún. Ibi tí ó bá sí ni sípíríǹgì yín gbọ́dọ̀ wá bá a.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ajórin kì í rò ni dídẹ̀gbẹ́ axle. Tí ìjókòó sípíríǹgì bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ ju bó ti yẹ, kíńpìnì kò ní dẹ̀ sẹ́yìn mọ́, sítíárìn kò ní máa padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yí i, ọkọ̀ á sì máa rìn bí ọ̀mùtí lójú ọ̀nà. Mo ti rí èyí lára ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé wá bá mi lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti jó o tán. Gbogbo rẹ̀ ni mo gé tún ṣe.

Tó bá jẹ́ pé agbára lẹ fẹ́ fi kún ti Toyota yín, ẹ mú un wá, a lè jó irin pẹlẹbẹ mọ́ orí rẹ̀ láti apá kan dé ìkejì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ síìlì àti bẹ́ríǹ kúrò. Iná ò mọ róbà yàtọ̀.

Àgbẹ̀Ṣakí:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe ti jáàkì yẹn. Mo tẹ bírékì, ó ṣì ń mì. Kíńpìnì ni lóòótọ́.

Táyà ń kọ́? Ẹ̀gbọ́n Houston ní táyà ńlá ló ń já a. Táyà 7.50R16 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí, mo sì rò pé 35 á gbé mi kúrò nínú ẹrẹ̀.

DúdúHouston:
7.50R16 yẹn ga tó bíi 32 ínǹṣì, ó sì tín-ín-rín. Ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀ wò ó. Ó ń gé ẹrẹ̀ bí ọ̀bẹ, ó ń dé ilẹ̀ líle tó wà nísàlẹ̀. Táyà fífẹ̀ á fẹ́ léfòó lórí rẹ̀, ó dára fún iyanrìn, àmọ́ nínú ẹrẹ̀ amọ̀ tí ẹ̀ ń sọ yẹn, á kàn bora ni.

Ẹ fi igi gígùn àti igi kúkúrú ṣí ìdérí àpótí wò. Bí táyà bá ṣe ga sí ni igi tó ń lọ́ Birfield ṣe gùn sí. Ohun tí àwa níbí ń sọ láàárín ara wa ni pé Dana 30 kó dúró sí 33, Dana 44 kó dúró sí 35 tàbí 37 bí ẹsẹ̀ ẹni kò bá wúwo, kí ẹni tó bá fẹ́ 40 lọ wá 60. Axle yín ń bá 33 ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. 35 náà ṣeé ṣe, àmọ́ 4.11 á wúwo jù fún 1HZ tó ń ru àgbá mẹ́rin gòkè. Ẹ máa wá pààrọ̀ gíà iwájú àti ẹ̀yìn nìyẹn, owó mìíràn.

ỌlọjàHilux:
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ní Hilux 2012. Ṣé irú axle yìí ni mo ní? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kí n tú tèmi náà.

ỌmọGate_Ìbàdàn:
Rárá o. Tiyín kò ní irin kan ṣoṣo níwájú, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mì lọ́tọ̀. Hilux fóò-wíìlì alárin kan parí ní Amẹ́ríkà ní 1985, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn ó bá ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì dé 1997. Ti yín, ẹ máa yẹ róbà tó bo CV (oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà) wò lóṣooṣù. Ọjọ́ tí róbà yẹn bá ya ni iyanrìn wọlé.

Bọ̀dá àgbẹ̀, mo ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí mẹkáníìkì yín yóò ṣe, kí ẹ dúró tì í.

Ẹ ra síìlì inú méjì, bẹ́ríǹ kíńpìnì mẹ́rin, bẹ́ríǹ táyà mẹ́rin, róbà àti fẹ́ẹ̀tì tó ń nu bọ́ọ̀lù, gásíkẹ́ẹ̀tì, àti gíríìsì oní-mọlí, èyí tó dúdú. Apá méjèèjì ni kẹ́ ẹ ṣe. Òsì yín kò tíì jò, àmọ́ ọdún kan náà ni wọ́n jọ bí wọn. Tí ẹ bá ń ra bẹ́ríǹ, ẹ mú àtijọ́ dání, kí ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀ wé tuntun. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ìkọ̀wé tí èékánná lè ha kúrò, ẹ dá a padà.

Họ́ọ̀bù ní àwọn wọ́ṣà tó rí bí òkòtó kéékèèké yí bóòtì rẹ̀ ká. Wọn kì í fẹ́ jáde. Kí ó má fi irin fà wọ́n o! Kí ó fi bàbà rọra lu orí bóòtì, wọn á fò jáde fúnra wọn. Nọ́ọ̀tì tó wà nínú, sọ́kẹ́ẹ̀tì 54 ló ń tú u. Mẹkáníìkì tó bá ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù lu nọ́ọ̀tì yẹn yí, ẹ bá mi lé e.

Nígbà tí ó bá yọ oríkèé, àwọn àwo irin tín-ín-rín wà lókè àti nísàlẹ̀ kíńpìnì. Kí ó so wọ́n pọ̀ mọ́ ibi tí ó ti yọ wọ́n, kí ó má dà wọ́n pọ̀. Àwo yẹn ló ń pinnu bí bẹ́ríǹ ṣe fún tó. Tí ó bá parí, kí oríkèé má rọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìlekoko díẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé Toyota ní kí a fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì fà á láti ìparí apá sítíárìn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹja lọ́jà ṣeé lò.

Birfield, kí ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹrosín-ìn títí irin yóò fi hàn. Bí ipa ọta kò bá tíì jin jù, kí ó fi ti ọ̀tún sósì, ti òsì sọ́tùn-ún. Wọ́n dọ́gba, ọ̀pá tó wọnú dífù ni kò dọ́gba. Ojú tí kò tíì jẹ ni ọta yóò wá máa rìn lé nígbà tí ẹ bá ń lọ síwájú. Mo ti fi èyí jẹ ọdún mẹ́rin lára ọkọ̀ kan. Lẹ́yìn náà kí ó fi ọwọ́ tẹ gíríìsì wọ inú rẹ̀ títí yóò fi yọ lódìkejì, kí ó wá fi gíríìsì kún bọ́ọ̀lù dé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ìkẹyìn, nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó di apá sítíárìn mú. Kí ẹ fún wọn padà lẹ́yìn bíi 500 kìlómítà. Ọkọ̀ tí a kò bá fún tirẹ̀, bóòtì á já, ẹ ò sì ní ní sítíárìn mọ́.

Àgbẹ̀Ṣakí:
Mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Mo ra ohun gbogbo ní Ìbàdàn, mo sì dúró ti mẹkáníìkì fún ọjọ́ méjì gbáko, ìyàwó mi rò pé mo ti kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí a ṣí apá ọ̀tún, ohun tó dà jáde, ajá kò ní lá a. Síìlì inú ti le bíi páálí. Bẹ́ríǹ kíńpìnì ìsàlẹ̀, ojú ibi tó jókòó sí ti ní ihò ihò bí ojú ayò. Ihò ìmí tí Màámi sọ, agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sí ẹnu rẹ̀! A fi páìpù róbà kan fà á sókè dé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí omi má bàa bá a mọ́. Nínú nọ́ọ̀tì mẹ́rin apá sítíárìn, méjì ni mo fi ọwọ́ lásán yí.

A ṣe pàṣípààrọ̀ Birfield. Kọ́-kọ́-kọ́ ti lọ. Ọ́ìlì ò dà mọ́.

Gbígbọ̀n náà kò kọ́kọ́ lọ tán. Ó dín kù, ó wá kù díẹ̀ bí mo bá dé 80. Ọmọkùnrin yẹn ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì sítíárìn tuntun. Mo fẹ́ gbà, mo tún rántí jáàkì. Mo ní kí ọmọ mi máa yí sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo sùn sábẹ́ rẹ̀, mo rí orí ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀, ó ń jó nínú ihò rẹ̀. A pààrọ̀ méjèèjì, a ṣe bálánsì táyà. Lánàá mo bá a dé 100 lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Kò mì.

Gbogbo owó tí mo ná kò tó ìdajì ọ̀kadà kan.

DúdúHouston:
Ẹ kú oríire! Ṣọ́ọ̀kì sítíárìn ì bá bo gbígbọ̀n yẹn mọ́lẹ̀ fún oṣù díẹ̀ ni. Ẹ máa yí họ́ọ̀bù sí ìdè lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀, kí gíríìsì lè yí ká Birfield. Họ́ọ̀bù tí kò bá yí láti ẹ̀ẹ̀rùn dé òjò, á dì.

ÌyáLọ́rì:
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Ta ló ń wà á?

Àgbẹ̀Ṣakí:
Màámi, àbúrò ìyàwó mi ni. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ẹ̀yìn òjò.